Àbọ̀ lórí ẹ̀rọ flex mi: íǹkì dúdú kò ṣá mọ́

Ẹ̀yin ará iṣẹ́, mo ní kí n wá jábọ̀ lórí ìṣòro tí mo bi yín léèrè níjọ́sí. Fún ẹni tí kò bá rántí, ẹ̀rọ eco-solvent mi tí mo fi ń tẹ bánà ni, tí íǹkì dúdú rẹ̀ máa ń ṣá bí a bá ti tẹ flex (rọ́bà tí a fi ń ṣe bánà) tó mítà kan, tí ìlà funfun á sì gba àárín lẹ́tà kọjá. Bí mo bá fọ head (orí tó ń tú íǹkì jáde), nozzle check (àyẹ̀wò àwọn ihò íǹkì rẹ̀) á jáde láìlábùkù. Ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú.

Àwọn kan ní head ti kú. Ọpẹ́lọpẹ́ pé owó ò sí lọ́wọ́, ǹ bá ti ra òmíràn! Ẹni tó ní kí n wo damper (ike kékeré tí íǹkì ń gbà kọjá kó tó dé head) ló mọ̀ ọ́n. Bí nozzle check bá dára, tí àwọ̀ wá ń ṣá lẹ́nu iṣẹ́, íǹkì ni kò dé ọ̀dọ̀ head tó. Mo yọ damper dúdú, mo nà án sókè síbi ìmọ́lẹ̀: afẹ́fẹ́ ti gba ìdajì rẹ̀. O-ring (òrùka rọ́bà) ẹnu páìpù ti là, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Mo pààrọ̀ méjèèjì, mo fi sírínjì fa íǹkì díẹ̀díẹ̀ títí afẹ́fẹ́ fi tán nínú páìpù. Mo tún nu etí kápù tí head ń sinmi lé, íǹkì ti gbẹ mọ́ ọn bí èépá.

Lánàá a tẹ bánà òkú mítà 6, dúdú dúró láti orí dé ìdí. Ẹ ṣeun o. Ó ku ìyá ìyàwó tí bánà rẹ̀ bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń lọ bẹ̀ wọ́n.