Ẹyọ kan pẹ̀lú oúnjẹ àbí mẹ́rin láìjẹun? Oògùn jẹjẹrẹ próstéètì bàbá mi

Ọmọ Oníkòkó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Dókítà kọ abiraterone fún bàbá mi: ẹyọ mẹ́rin, 250 mg ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìjẹun, pẹ̀lú oògùn kejì tó ń jẹ́ prednisone. Owó rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú wa ta ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá gbọ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo pẹ̀lú oúnjẹ á ṣiṣẹ́ bíi mẹ́rin, ó ní kí bàbá máa fi àkàrà gbé e mì. Ṣé òótọ́ ni?

Apòògùn Wálé: Ẹ má tíì dán an wò o! Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ìyẹn gan-an ló fi léwu. Abiraterone kì í fẹ́ yòrò nínú omi, ìfun kì í sì í rí i fà dáadáa. Ni wọ́n bá so èròjà kékeré kan tó ń jẹ́ ásétéètì mọ́ ọn. Tó bá wọ inú tán, ara á já a kúrò, ojúlówó oògùn á sì ṣẹ́kù. Ẹ wo ara páálí, ẹ ó rí “abiraterone acetate”. Síbẹ̀ náà, ọ̀rá ló ṣì fẹ́ràn. Oúnjẹ tí ọ̀rá rẹ̀ kéré lè sọ iye tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ di ìlọ́po márùn-ún, èyí tí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Epo tó wà lára àkàrà òní, ṣé òun náà ló máa wà lára ti ọ̀la?

Ìyá Ìbejì: Bàbá Ìbejì lò ó. Ẹsẹ̀ wọn wú, ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, àyẹ̀wò sì fi hàn pé pòtásíọ̀mù, iyọ̀ kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ti wálẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí bàbá fo prednisone nítorí pé ó kéré lójú, òun ló ń dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dúró. Kí wọ́n máa yẹ ẹ̀dọ̀ wọn wò pẹ̀lú. Bí aboyún bá wà nílé, kó má fi ọwọ́ lásán kan oògùn náà.

Ọmọ Oníkòkó: Ẹ ṣé gan-an, mà. Ibo wá ni ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹyọ kan?

Apòògùn Wálé: Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 ni, ọkùnrin 72 ló wà níbẹ̀. Àwọn kan lo 250 mg pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ tí ọ̀rá rẹ̀ kéré, PSA wọn, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ próstéètì, sì wálẹ̀ bíi tàwọn tó lo 1000 mg láìjẹun. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ń ṣọ́ wọn, wọn ò sì fi àkàrà gbé e mì! PSA nìkan kọ́ ló ń sọ bí ẹ̀mí ṣe máa gùn tó. Àwọn dókítà kan ti ń lo ọ̀nà yìí níbi tí owó ti há, torí náà kò burú kí ẹ bi dókítà bàbá. Kí ẹ dá a ṣe nílé ni mo kọ̀.

Abiraterone míì tún wà tí wọ́n lọ̀ kúnná, 500 mg ni wọ́n ń lò níbi tí tiyín ti jẹ́ 1000. Oúnjẹ kì í dí ìyẹn lọ́wọ́, àmọ́ ẹ ò lè fi rọ́pò tiyín fúnra yín.

Ọmọ Oníkòkó: Ọjọ́bọ̀ la máa rí dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀, kó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Bàbá máa ń jí kírun àsùbáà, ṣé kí wọ́n lò ó nígbà yẹn?

Apòògùn Wálé: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Omi ni kí wọ́n fi gbé e, kí wọ́n má rún un. Tó bá ti pé wákàtí kan, kí wọ́n jẹun.

Ìyá Ìbejì: Kí prednisone dúró de oúnjẹ o, kó má bàa da inú wọn rú.