Òfò omi ni àbí omi ìdànù?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò kan dábàá pé kí á máa pe gbogbo omi tó bá dín láàárín ìgbà tó wọ ilé-iṣẹ́ omi àti ìgbà tó jáde ní “òfò omi”. Mi ò fara mọ́ ọn. Òfò kì í ṣe ohun tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ẹ wo ẹlẹ́kọ ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́: bó bá sẹ́ ògì tán, á da omi sí asẹ́ láti fi ṣan eérí tó dí i. Ta ló máa ní ó ṣòfò?

Bẹ́ẹ̀ náà ni asẹ́ oníyanrìn tí ilé-iṣẹ́ omi fi ń sẹ́ omi. Wọ́n á ti omi mímọ́ láti ìsàlẹ̀ yanrìn wá sókè, kí ìdọ̀tí lè ṣí kúrò. Asẹ́ tó gùn ní mítà 6, tó fẹ̀ ní mítà 5, bí omi bá ń gòkè nínú rẹ̀ ní mítà 40 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 10 péré ti gba 200,000 lítà. Lásìkò òjò tí odò bá rú, ẹ ó fọ̀ ọ́ léraléra. “Ìfọsẹ́” ni mo máa pe iṣẹ́ yìí, bí ìfọṣọ. Omi rẹ̀, àti èyí tó ń bá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ álọ́ọ̀mù (ìdọ̀tí tí álọ́ọ̀mù mú kó rọ̀ sísàlẹ̀ omi) jáde, “omi ìdànù” ni wọ́n. A dà á nù ni, kò jò. Ẹ má fi àmì ohùn ṣeré o, ìdànù kọ́ ni àdánù.

Jíjò gan-an lòfò. Ẹ jẹ́ kí tánkì kún, ẹ ti fáàfù ìwọlé àti ti àbájáde, ẹ sàmì sí ojú omi, kí ẹ padà wò ó lẹ́yìn wákàtí 12. Bí tánkì tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní 15, bá fà ní sẹ̀ǹtímítà 4, 12,000 lítà ti lọ. Bí kò bá ní ìdérí, ẹ gbé abọ́ omi fífẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ yọ ohun tí oòrùn fà kúrò. Fáàfù tí kò tì dáadáa ló sábà ń tanni jẹ: omi ń gba inú rẹ̀ lọ, ẹ ó máa fẹ̀sùn kan ògiri tánkì.

*Èsì, láti Oǹdó:*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, mo gba ìfọsẹ́. Àmọ́ ẹ ò mẹ́nu ba mítà, ẹ̀rọ tó ń ka iye omi tó ń kọjá. Bí mílíọ̀nù 10 lítà bá ń wọlé lójúmọ́, tí mítà ìwọlé fi 2 nínú 100 purọ́, 200,000 lítà nìyẹn, odindi ìfọsẹ́ kan tiyín. Omi yẹn ò lọ síbì kankan. “Òfò orí ìwé” ni kí á pè é. Bí tánkì bá sì kún lálẹ́ ju ti àárọ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ yọ ìyẹn kúrò kí ẹ tó pariwo òfò.

Èyí tó ń kún jáde lóru nígbà tí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ bá sùn ńkọ́? Kò jò, ẹnìkan ò dà á nù. “Àkúnwọ́sílẹ̀” ló bá a mu, ṣùgbọ́n àdúrà la fi ń gbà. Ta ló máa kọ ọ́ sábẹ́ òfò?