Ẹ gbà mí o, ṣé fisa kéà UK (ti àwọn tó ń lọ tọ́jú àgbàlagbà) ṣì wà?

Ìyá Àbíkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, lápá Tákíẹ̀, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ejẹ́ńtì kan ní kí n mú mílíọ̀nù mẹ́rin wá, òun á bá mi gba CoS (ìwé tí agbanisíṣẹ́ ní UK ń fúnni láti fi gba fisa), ọkọ mi àtọmọ á sì tẹ̀lé mi. Màmá mi ti fẹ́ ta ilẹ̀ wọn torí ẹ̀. Ṣé kí n san án?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí màmá ta ilẹ̀ o! Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yẹn láti 22 oṣù keje 2025, wọn ò gba kéà wọ́kà tuntun láti òkè òkun mọ́, ti ọkọ àtọmọ gan-an, láti oṣù kẹta 2024 ni wọ́n ti fagi lé e, irọ́ ni ejẹ́ńtì yẹn ń pa fún ẹ. Nọ́ọ̀sì tó ní láísẹ́ńsì ló ṣì lè lọ: IELTS (ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì) 7, ti ìwé kíkọ 6.5, CBT (ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) ti NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní UK, tó bá débẹ̀ á ṣe OSCE (ìdánwò àfọwọ́ṣe), àyẹ̀wò ikọ́ fée náà wà ńbẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi san irú owó yẹn, ìgbà tí wọ́n débẹ̀ wọn ò bá iṣẹ́ kankan, ó dùn wá gan-an. Orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tí ìjọba UK gbà láàyè láti gbani síṣẹ́ wà lórí gov.uk, ọ̀fẹ́ ni, ẹ wò ó fúnra yín.

Ìyá Àbíkẹ́: Ara mi ń gbọ̀n. Ẹ ṣé, mò ń pe màmá báyìí.