Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mílíìkì ọmọ àbúrò mi

Ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè ìdí tí dókítà l'Ádó-Èkìtì fi ní mílíìkì agolo lásán tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tuntun ò tó fún ọmọ àbúrò mi, ẹ ṣé gan-an. Àbọ̀ rèé, ká lè pa ọ̀rọ̀ náà dé.

Ọmọ yẹn ò tó 2 kg nígbà tí wọ́n bí i, oṣù rẹ̀ ò pé, ọmú ìyá rẹ̀ náà ò sì sun dáadáa. Dókítà ní oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn oyún ni ọmọ ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí yóò fi kọ́ eegun, àti irin tí yóò fi ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó tètè jáde ò rí i gbà tó. Ìdí nìyẹn tí mílíìkì tí wọ́n dìídì ṣe fún irú wọn fi ní kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì púpọ̀ sí i.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ mílíìkì, ó ti bọ́ sípò báyìí. Wọ́n tún kọ irin olómi tí à ń kán sí i lẹ́nu. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ká fi omi eegun tàbí edé lílọ̀ sí mílíìkì náà, nọ́ọ̀sì ní ká má dán an wò. Bíbu omi lé e kí agolo lè pẹ́ náà ńkọ́? (Owó ẹ̀ ga lóòótọ́ o!) Èròjà tí à ń wá gan-an ló ń dínkù. Ṣíbí inú agolo ni kí ẹ lò, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú.

Ọmọ ti ń sanra.