Ọ̀rọ̀ "owó idẹ" yẹn kò tíì parí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé nípa kíkó owó àtijọ́ jọ ní kí á bá òun wá orúkọ fún àwọn owó Róòmù tí kì í ṣe wúrà, tí kì í sì í ṣe fàdákà, àwọn tí ọ̀pọ̀ akówójọ kì í bojú wò. Ẹnì kan dáhùn kíá pé "owó idẹ" ni, ó parí. Ẹ má bínú, kò tíì parí.

Bíbélì ti gba orúkọ yẹn mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn alágbàṣe inú ọgbà àjàrà tí wọ́n gba owó idẹ kọ̀ọ̀kan, kí ni wọ́n gbà gan-an? Denarius ni, fàdákà sì ni denarius. Nígbà ayé Késárì Augustus, "as" 16, owó kékeré kan tí kì í ṣe fàdákà, ló ń ṣe denarius kan. Bí a bá wá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yìí, a ó máa kọ ọ́ pé owó idẹ 16 ni owó idẹ kan. Ta ni yóò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀?

Ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n pàápàá kò dọ́gba. Augustus ló tún ètò owó náà tò ní nǹkan bí ọdún 23 ṣáájú ìbí Kristi. Idẹ ni wọ́n fi ṣe sestertius àti dupondius, àwọn owó méjì tó ju "as" lọ, ó ń dán bí wúrà nígbà tó ṣì tuntun. Bàbà pupa ni wọ́n fi ṣe "as". Asúdẹ kankan nílẹ̀ wa kò ní pe bàbà ní idẹ, kí ló dé tí àwa tí a ń pe ara wa ní onímọ̀ èdè yóò fi pè é bẹ́ẹ̀? (Ilẹ̀ ló da ọ̀rọ̀ rú. Bí méjèèjì bá ti pẹ́ nínú iyẹ̀pẹ̀, àwọ̀ kan náà ni wọ́n ń ní, dupondius àti "as" sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà. Láti ayé Késárì Nero lọ, adé onítànṣán tó wà lórí Késárì ni a sábà fi ń dá dupondius mọ̀.)

Nítorí náà: owó bàbà fún "as", owó idẹ fún àwọn méjì yòókù. Ní ti àwọn ti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, tí wọ́n po bàbà, tánganran àti òjé pọ̀, owó àdàlù ni mo dábàá. Mo mọ̀ pé ẹ ó rántí ẹ̀wà. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó bá a mu. Bí ojú owó ṣe fẹ̀ tó ni àwọn akówójọ fi ń pín wọn sí AE1, tó tóbi jù, dé AE4, tó kéré jù, torí pé ohun tí àwọn ará Róòmù ń pe ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dá wa lójú mọ́. Àdàlù kìíní dé àdàlù kẹrin, kí ló burú níbẹ̀?

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni sestertius. Ẹnì kan ní ká túmọ̀ rẹ̀ sí "onímẹ́rin", torí "as" mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n ohun tí orúkọ náà ń sọ ni pé "ìkẹta jẹ́ ààbọ̀", ìyẹn méjì àbọ̀, torí iye tó jẹ́ nìyẹn nígbà àtijọ́ pátápátá. Ẹ wá wo àádọ́ta tiwa. Ogún méjì àbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọgọ́ta, ogún kẹta, la gbà dé ibẹ̀: a yọ ẹ̀wá kúrò lára rẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni. Ọmọ Yorùbá tó mọ kíkà kò nílò ìtumọ̀ tuntun níbí, àlàyé ìlà kan tó o. Ẹ fi sestertius sílẹ̀ bó ṣe wà.

Follis náà ńkọ́? Àpò ni lédè Látìnì, àpò owó ni orúkọ náà ti wá, kó tó di ohun tí à ń pe owó ńlá tí Késárì Diocletian gbé jáde ní nǹkan bí 294. Àwọn kan ní ká pè é ní àpò. Igba náírà ni àpò kan lẹ́nu àwọn ìyá ọlọ́jà wa! Ọ̀kẹ́ ńkọ́? Ẹgbàáwàá owó ẹyọ ni. Iṣẹ́ ti wà lọ́rùn àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì. Fọ́lìsì ni kí á kọ.

Ó wá ku "afipágbàjọba", èyí tí Ẹ̀gbọ́n lò fún gbogbo àwọn tí Róòmù kò kà sí ọba. Mi ò fara mọ́ ọn. Carausius jọba ní Bìrìtéènì láti 286 títí wọ́n fi pa á ní 293, ó sì tẹ owó tó ní àwòrán orí mẹ́ta, tirẹ̀, ti Diocletian àti ti Maximian, àwọn Késárì méjì tí Róòmù kà sí ọba nígbà náà, ó kọ ọ́ sí i lára pé "Carausius àti àwọn arákùnrin rẹ̀". Àwọn arákùnrin náà kò dáhùn. Síbẹ̀, nínú ìkòkò owó 52,503 tí wọ́n hú ní Frome, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2010, owó rẹ̀ lé ní 700. Àwọn èèyàn ń ná an, wọ́n sì ń fi pamọ́. Ẹni tó borí ló sọ ọ́ di ọ̀tẹ̀. "Ajọbalọ́tọ̀" ni mo fẹ́ ká lò: ó sọ ohun tó ṣe, kò dá a lẹ́jọ́.

Vetranio, ọ̀gágun Róòmù kan, nìkan ló ṣì ń dà mí láàmú. Àwọn ọmọ ogun fi í jọba ní oṣù kẹta 350. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà, ó ti ṣí adé lójú gbogbo ọmọ ogun fún Késárì Constantius Kejì, wọ́n sì ní kó lọ jókòó jẹ́jẹ́ sílé pẹ̀lú ohun tí yóò máa jẹ. Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ máa fi ìyẹn sí?