Ta lẹ fẹ́ fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé yín n'Íjẹ̀bú?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Fúláàtì mẹ́rin tí mo ń kọ́ s'Íjẹ̀bú-Òde, lọ́nà Ìjagun, ti parí. Àbúrò mi ní ẹnìkan ti gbé owó ọdún méjì wá, ká tètè gbà á. Iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe, kò mọ̀ ọ́n. Kí ni kí n bèèrè?

Ìyá Ìbejì, Peckham: Má tíì fọwọ́ kan owó yẹn o, àbúrò mi. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ṣágámù. Owó ọdún kìíní wọlé wẹ́rẹ́. Ọdún kejì, àwáwí. Ọdún kẹta, kò gbé fóònù mi mọ́. Lọ́yà ní ayálégbé ọdọọdún ni, kò sì sí àdéhùn mìíràn nínú ìwé wa, nítorí náà oṣù mẹ́fà gbáko la máa fún un, ká tún fi ìwé ọjọ́ méje tẹ̀ lé e ká tó dé kóòtù. Ìgbà tó máa fi jáde, ó ti tú síńkì ilé ìdáná lọ. Síńkì o!

Bọ̀dá Rẹ́mọ, Houston: Má fi ìwádìí ọkùnrin náà sílẹ̀ fún éjẹ́ǹtì, kọmíṣọ̀n tiẹ̀ ló ń wò. Onílé tí ọkùnrin náà ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí náà lè tàn ọ́ jẹ: bí ayálégbé bá ti sú u, yóò yìn ín kó lè tètè kó jáde. Onílé tí ọkùnrin náà gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáájú ìyẹn ni kó o wá rí. Ṣé owó ń wọlé lásìkò? Ṣé ó fi gbèsè iná sílẹ̀? Ṣé wọ́n á tún gbà á bó bá padà wá? Kí àbúrò rẹ sì yà kí i níbi tó ń gbé báyìí, láìsọ tẹ́lẹ̀.

Àǹtí Ìlíṣàn, Toronto: Tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, òbí ni kó ṣe onídùúró, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Èmi gba ọmọ kan ní Àgọ́-Ìwòyè, mẹ́fà ló ń sùn síbẹ̀. Kọ iye èèyàn sínú ìwé àdéhùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester: Wọn ò ní sọ pé Ìjẹ̀bú yìí ti le jù báyìí?

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ìwọ ńkọ́, kí lo fi gba ilé ní Manchester? Ṣebí wọ́n rí páásípọ́ọ̀tù rẹ. Láti 2016 lòfin ti sọ ọ́ di dandan fún onílé jákèjádò England láti yẹ ìwé ayálégbé wò, bóyá ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé níbẹ̀. Láti 2024, owó ìtanràn lè dé £20,000 lórí ẹnìkan fún onílé tó bá tún gba ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sílé lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n gbogbo ayálégbé ni wọ́n gbọ́dọ̀ bi, funfun àti dúdú. Ṣe bẹ́ẹ̀ náà: ìbéèrè tí o bi Haúsá ni kó o bi ọmọ ìyá rẹ.

Bọ̀dá Rẹ́mọ, Houston: Má gbàgbé ọ̀rọ̀ yahoo. Nínú òfin jìbìtì ti 2006, ẹni tó ń bójú tó ilé tó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n fi ṣe é lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 15 jura. Gba ìwé iṣẹ́ rẹ̀ àti NIN, kó o tọ́jú wọn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester: Mo ti pe ọkùnrin náà. Ó ní onílé òun àtijọ́ ti kú.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Kó júwe ilé. Àwọn ará àdúgbò náà kò lè kú tán.