"Ọkọ̀ afẹ́fẹ́" kọ́, ọkọ̀ onígbòkun ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ka ìtumọ̀ tí ẹ ń ṣe fún àbúrò yín ní Southampton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi tí kò tíì mọ̀ bóyá èyí tó ń fi aṣọ gba atẹ́gùn lòun máa mú ni, tàbí èyí tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń gbé e rìn. Ẹ pe ti àkọ́kọ́ ní "ọkọ̀ afẹ́fẹ́", ẹ pe ìkejì ní "ọkọ̀ afẹ́", ẹ wá fi "tòkunbọ̀" kún méjèèjì. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Tòkunbọ̀ kò le. Ohun tó ti òkè òkun bọ̀ là ń pè bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ, ìbáà ṣe fíríìjì tó gúnlẹ̀ sí Àpápá. Ọkọ̀ tí èèyàn rà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ ní Southampton kò ti ibì kankan bọ̀. Àlòkù ni.

"Afẹ́" àti "afẹ́fẹ́" ló ń dùn mí jù. Ẹ kà wọ́n sókè fún ẹni tí kò rí ìwé, yóò ní kí ẹ tún un sọ. Bí ẹ bá sì ní "ọkọ̀ afẹ́fẹ́", bàálù ni ọkàn rẹ̀ máa lọ. Àwọn méjèèjì náà, ìgbafẹ́ ni wọ́n ń bá kiri, kí ni "afẹ́" wá fi ya ìkan sọ́tọ̀?

A ní ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀: ìgbòkun, aṣọ tí ọkọ̀ fi ń gba atẹ́gùn. Òun àti ìdákọ̀ró wà nínú Bíbélì Yorùbá, ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27, níbi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti fọ́. Ó sì wà lójú omi títí dòní. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ dá wa dúró lórí afárá Third Mainland, mo ń wo apẹja kan lórí ọ̀sà. Àpò ìrẹsì tí wọ́n tú, tí wọ́n rán mọ́ra, ni ìgbòkun rẹ̀. Mo rí ojú rírán rẹ̀ láti òkè níbẹ̀. Nígbà tí atẹ́gùn rọlẹ̀, ó ká a mọ́ ara òpó, ó fa ọ̀pá yọ, ó ń fi ti ọkọ̀ lọ. A ń ta ìgbòkun, a ń ká ìgbòkun. Ọ̀rọ̀ ìṣe tirẹ̀ ti bá a wá.

Ẹnì kan ní ká wá orísun "yacht", orúkọ tí òyìnbó ń pe irú ọkọ̀ ìgbafẹ́ yìí, ká tó sọ ọ́ ní Yorùbá. Láti inú èdè Dutch ni, ọdẹ ṣíṣe ló sì tọ́ka sí. Ìlú Amsterdam fi ọ̀kan tó ń jẹ́ Mary ta ọba Charles Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ ní 1660. Ṣé "ọkọ̀ ọdẹ" la ó wá máa pè é? Ìrìn ọkọ̀ ni àwa máa ń wò. Ìyẹn ló bí "ayọ́kẹ́lẹ́".

Ẹ lè ní onígbòkun náà ń gbé ẹ́ńjìnnì dísù sínú. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ wọn ló ní in. Àmọ́ alágbẹ̀dẹ tó ń dáko, alágbẹ̀dẹ là ń pè é. Òfin àgbáyé lórí ìrìnnà ojú òkun, ti 1972, gan-an mọ ìyàtọ̀ yìí: bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ti ọkọ̀ náà lọ, bí ìgbòkun tilẹ̀ wà lókè, ẹlẹ́ńjìnnì ni òfin kà á sí. Ó ní láti gbé ohun dúdú kan kọ́ níwájú, tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, kò sì lè retí mọ́ pé kí ẹlẹ́ńjìnnì yà fún òun gẹ́gẹ́ bí onígbòkun. Nítorí náà, "onígbòkun" fún ọkọ̀, "ó ń fi ìgbòkun rìn" fún ipò tó wà lásìkò náà. Ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Orúkọ méjèèjì tí mo fẹ́ kí ẹ fi rọ́pò "ọkọ̀ afẹ́fẹ́" àti "ọkọ̀ afẹ́", ìyẹn onígbòkun àti ẹlẹ́ńjìnnì, á sì darí ojú olùrà. Onígbòkun: kó fọwọ́ tú aṣọ wò, kó wo ojú rírán, kó béèrè ọdún tí wọ́n pààrọ̀ wáyà tó di òpó mú. Ẹlẹ́ńjìnnì: iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́, àti iye owó epo tí yóò máa jó.

Bí mo bá jẹ́ yín, báyìí ni màá ṣe bẹ̀rẹ̀: "Kí o tó ra ọkọ̀ onígbòkun àlòkù, ní kí wọ́n ta ìgbòkun rẹ̀ lójú rẹ."